Ta Ni Yóò Tún Ìwó Road Ṣe?

Ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tó ń ṣòwò, tó ń nájà tàbí tó ń wọkọ̀ ní Ìwó Road, níbi tí ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Ifẹ̀ àti ọ̀nà Ìwó ti pàdé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti kọ́ ibùdókọ̀ ńlá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ kọ́ ni yóò kó pàǹtírí inú gọ́tà, òun kọ́ ni yóò sì tan iná síwájú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Báǹkì gba ọdẹ tirẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù fóònù gba tirẹ̀, olúkúlùkù ra jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Ẹnì kan kó gọ́tà iwájú rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ da ìdọ̀tí sí tirẹ̀. Bí òjò bá dé, omi kò mọ ilé ẹni tó kó gọ́tà yàtọ̀. Owó ń jáde lápò gbogbo wa, àdúgbò kò sì dára sí i.

Àwọn ẹlòmíràn ti wá nǹkan ṣe sí i. Ní ọdún 1970, àwọn oníṣòwò Bloor West Village ní ìlú Toronto, Kánádà, tí ilé ìtajà ńláńlá ń gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn, fẹnu kò láti máa dáwó tún àdúgbò wọn ṣe. Òfin ní kí gbogbo oníṣòwò ibẹ̀ san, kí ẹnì kan má baà jẹ nínú ohun tí kò dá sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2003 ní kí wọ́n kọ́kọ́ dìbò. Àwọn tó fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ, iye tí ìjọba dá lé ilé ìṣòwò wọn pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ju tàwọn tó kọ̀. Olówó kò lè dá pinnu, èrò kékeré náà kò sì lè dá pinnu. Kó tó ju ọdún 5 lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ tún dìbò.

Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú irú rẹ̀ ní Ìwó Road. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, “Owó mìíràn tún ni?” Ẹni tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún láràárọ̀, tí kò rí ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe, kò jẹ̀bi bó bá fura. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi gọ́tà, iná òpópónà, ọjà àti gáréèjì sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìrànwọ́ ni owó tiwa, kò gbọ́dọ̀ di àwáwí fún wọn. Èkejì, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: kí báǹkì san bíi báǹkì, kí aránṣọ san bí aránṣọ, kí ilé ìjọsìn tó wà lójú títì náà má yọwọ́. Ẹ̀kẹta, kí a máa lẹ ìṣirò owó mọ́ ara ògiri lóṣooṣù, lédè tí gbogbo ènìyàn lè kà.

Ẹ̀kẹrin ló le jù. Ní àárín ìlú Cape Town, àwọn onílé ti ń san irú owó yìí láti ọdún 2000. Àdúgbò mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n àwọn kan ráhùn pé wọ́n ń lé àwọn aláìnílé kúrò lójú pópó. Ẹni tó ń pàtẹ ata ní Ìwó Road kò ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ oníṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń dìbò, òun ni a ó kọ́kọ́ gbá dànù pẹ̀lú pàǹtírí. Ẹ fún òun náà ní ìjókòó nínú ìpàdé, kí ẹ sì fún un níbi tí yóò pàtẹ sí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọjà yín bá tún pàdé, ẹ dìde, kí ẹ béèrè: èló ni gbogbo wa ń ná lórí ọdẹ àti gọ́tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ẹ ro ó pọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.