Wákàtí Mẹ́ta Ní Pọtakọ́ọ̀tì

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọkọ̀ ojú omi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa ń bá ṣiṣẹ́ gúnlẹ̀ sí èbúté wa níhìn-ín. Wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n fún un. Ó ní ilé tí ìyá òun gbé kí ogun tó dé ní 1967 ni òun fẹ́ rí.

Ẹsẹ̀ ni a fi rìn ín. A fi ibùdó rélùwéè hàn án. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹni kì í tán lẹ́nu ẹni. Nítorí èédú Enúgù ni wọ́n ṣe la ojú irin wá síbí, ó sì dé Enúgù ní 1916. Nígbà tí a dé Lagos Bus Stop, ó bú sẹ́rìn-ín. A wọ Aggrey Road.

Ilé náà ti di ṣọ́ọ̀bù. Ìyá àgbàlagbà ará Okrika kan ń ta ẹja níwájú rẹ̀. Bí a ti dárúkọ bàbá àgbà, ó fi oríkì pe ẹ̀gbọ́n ìyá wa, oríkì tí a kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú. A pe Ìbàdàn lórí fóònù. Àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí owó fi tán lórí rẹ̀.

Eré ni a sá padà sí èbúté. Ẹja tí ìyá náà fi ta ọmọ náà lọ́rẹ ṣì wà nílé wa.