Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Tún Inú Kọ̀ǹpáílà Tò

Bí ẹ̀dà tuntun èdè kọ̀ǹpútà kan bá jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi í kọ prógíráàmù máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni wọ́n fi kún un. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé inú kọ̀ǹpáílà ni wọ́n tún tò, tí ohun tí ojú ń rí kò yí padà, wọ́n á ní wọ́n kàn fi àkókò ṣòfò ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àtúntò yẹn gan-an ni olórí iṣẹ́. Àwọn alábòójútó èdè tó ń sá fún un, kí wọ́n lè máa rí nǹkan tuntun gbé jáde, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Kọ̀ǹpáílà ló ń sọ kóòdù tí ènìyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Àṣìṣe inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Gbogbo prógíráàmù tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló lè kó o. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án, tí wọ́n á ní ohun tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìbẹ̀rù wọn nídìí, àmọ́ ibi tó ń gbé wọn lọ kò dáa. Kọ̀ǹpáílà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn kò ní pẹ́ di èyí tí kò yé ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹni méjì mẹ́ta tó mọ inú rẹ̀ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ẹ wo èdè Go. Robert Griesemer, Rob Pike àti Ken Thompson ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Google ní 2007, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé ní 2009. Èdè C ni wọ́n fi kọ kọ̀ǹpáílà rẹ̀, orí àwọn kọ̀ǹpáílà C ti Plan 9, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ni wọ́n sì gbé e kà. Nígbà tí Go 1.5 fi máa jáde ní oṣù Kẹjọ 2015, Go ni wọ́n fi kọ kọ̀ǹpáílà Go. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Wọn ò jókòó kọ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ kan ni wọ́n ṣe, tó ń yí kóòdù C náà padà sí Go bó ṣe wà gẹ́lẹ́, tòun ti wúruwùru inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lábala lábala. Ní Go 1.6, wọ́n yọ apá tí irinṣẹ́ tó ń jẹ́ yacc ń bá wọn ṣe láti máa fi ka kóòdù, wọ́n fi èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ rọ́pò rẹ̀. Ní Go 1.7, oṣù Kẹjọ 2016, wọ́n pààrọ̀ apá tó ń pèsè kóòdù ẹ̀rọ fún irú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ amd64, wọ́n gbé e ka ìlànà SSA, níbi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba iye lẹ́ẹ̀kan péré. Àkókò tí àwọn prógíráàmù ìdánwò wọn ń gbà lórí ẹ̀rọ sì fi ìdá 5 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Àtúntò náà ní owó tó jẹ. Àwọn tó ṣe Go 1.5 fẹnu ara wọn sọ pé kíkọ́ prógíráàmù (build) máa gba nǹkan bí ìlọ́po méjì àkókò tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ráhùn, mi ò sì bá wọn wí: ẹni tó ń kọ́ prógíráàmù ńlá lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ mọ ohun tó ń sọ. Síbẹ̀, mo ní kí wọ́n san án. Ó tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí generics, ìyẹn kóòdù kan tó lè bá oríṣiríṣi irú dátà ṣiṣẹ́, wọlé ní Go 1.18, ní oṣù Kẹta 2022, tí kíkọ́ prógíráàmù tún falẹ̀. Go 1.20 ló dá a padà sí ibi tí Go 1.17 bá a dé. Iṣẹ́ abẹ́nú tí ẹnì kan ò pàtẹ́wọ́ fún ló dá a padà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn kéré lójú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tún apá kan tò, yóò tọ́jú kọ̀ǹpáílà àtijọ́ pamọ́, yóò fi àtijọ́ àti tuntun kọ́ kóòdù kan náà, yóò sì fi ohun tí méjèèjì bí wéra wọn báìtì sí báìtì. Bí wọn ò bá yàtọ̀, á kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ pé: Passes toolstash -cmp. Toolstash ni irinṣẹ́ tó ń ṣe ìfiwéra náà. Ìlà kan péré, àmọ́ ẹ̀rí ni pé kò sóhun tó yí padà fún olùlò. Ẹni tó bá po àtúntò mọ́ nǹkan tuntun nínú àtúnṣe kan ṣoṣo, ká dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ta ló máa mọ èwo nínú méjèèjì ló bà á jẹ́?

Àwọn tó ń sọ pé ká wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ká tún un kọ́ ńkọ́? Ẹ wo èdè Perl: wọ́n kéde àtúnkọ rẹ̀, Perl 6, ní 2000. Oṣù Kejìlá 2015 ni ẹ̀dà tó fìdí múlẹ̀ tó jáde. Ọdún 15! Ẹ̀bùn ò wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, èdè náà sì ní ohun àrà nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2019, orúkọ rẹ̀ ti di Raku, ó ti di èdè mìíràn, Perl 5 tí àwọn èèyàn fi ń jẹun sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó ń kọ Yorùbá náà. Bí ẹ bá fi “ọjọ́” ṣe orúkọ nǹkan kan nínú kóòdù Go, kọ̀ǹpáílà ò ní gbà á. Lẹ́tà kékeré ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, U+1ECD, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á yí padà bí àmì ohùn bá gorí rẹ̀. Àmì náà dá dúró ní U+0301, òfin Go kò sì kà á mọ́ lẹ́tà. Láyé kọ̀ǹpáílà àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ̀ ọ́ ní láti wọnú kóòdù C wọn. Lónìí, fáìlì tí wọ́n ń pè ní scanner.go ló wà, Go ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìlà díẹ̀ ló ń bi unicode.IsLetter bóyá lẹ́tà ni ohun tó wà níwájú. Bí kì í bá ṣe lẹ́tà tàbí nọ́ńbà, á ní kò yẹ kó wà nínú orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti mọ Go díẹ̀ lè kà á lójú ara rẹ̀. Inú òfin èdè náà ni ìjà gidi wà, kì í ṣe inú kọ̀ǹpáílà nìkan, àmọ́ ẹni tó bá ti ka ìlà wọ̀nyẹn mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀.