Mẹ́dà Tí Kò Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹrù Àwọn Sójà Àtijọ́

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ nìkan. Ó kan gbogbo ohun tí ènìyàn bá fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ bó ti yẹ, títí kan irin kékeré tó wà nínú àpótí bàbá àgbà. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá ṣí i, wọn a bá mẹ́dà méjì tàbí mẹ́ta, ìwé tí kòkòrò ti jẹ létí, bọ́tìnnì idẹ, bẹ́líìtì, àti bóyá fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé káńkì. Àwọn ọmọ ilé a ní, "Ti ogun Hítílà ni." Ibẹ̀ ni ìmọ̀ wọn máa ń pin sí. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ra irin àlòkù a kọjá, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú ìkòkò tó jò.

Ohun tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni pé kò sí ọ́fíìsì kan níbikíbi tí yóò bá ìdílé náà sọ mẹ́dà wọ̀nyẹn lórúkọ. Iṣẹ́ ilé ni, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ sì ni. Bí wọn kò bá ṣe é nísinsìnyí tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu sójà náà ṣì wà láàyè, kò sí ẹni tí yóò lè ṣe é mọ́.

Ìdí rẹ̀ wà lára irin náà fúnra rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ nọ́ńbà, ipò, orúkọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun sí etí mẹ́dà. Ẹni tó bá rí irú mẹ́dà bẹ́ẹ̀, tó yí etí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, yóò ka orúkọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ìjọba kan náà pinnu pé àwọn kò ní kọ orúkọ sára mẹ́dà tí wọ́n fún àwọn tó kópa nínú ogun náà. Ìjọba South Africa àti ti Australia kọ orúkọ sára ti àwọn sójà tiwọn. London kò kọ ọ́. Nítorí náà, mẹ́dà tí ọmọ Ìjẹ̀bú gbà kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí ọmọ Glasgow gbà. Ìyàtọ̀ wà níbòmíràn. Ọmọ-ọmọ ará Glasgow lè kọ̀wé sí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ bàbá àgbà rẹ̀. Ọmọ-ọmọ ará Ìjẹ̀bú, ẹnu àgbàlagbà ilé ni àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wà. Bí ẹnu náà bá sì ti pa dé, irin nìkan ló kù.

Ìdí nìyí tí dídá ohun mọ̀ fi jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Àwọn mẹ́dà ogun Hítílà tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa jẹ́ oríṣi méjì ní ìrísí: èyí tó dà bí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, aláwọ̀ idẹ, àti èyí tó rí róbótó, aláwọ̀ fàdákà. Gbogbo àwọn onírawọ̀ ló jọra wọn. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, adé àti àmì orúkọ Ọba George Kẹfà ló sì wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ yí àárín ká ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, àti àwọ̀ ríbọ́ọ̀nù wọn. Èyí tí a kọ 1939-1945 sí ní ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ mẹ́ta tó dọ́gba: búlúù tó dúdú, pupa, àti búlúù tó mọ́lẹ̀, tó dúró fún ọmọ ogun ojú omi, ti orí ilẹ̀ àti ti òfuurufú. Èyí tí a kọ Burma sí ní búlúù tó dúdú, pẹ̀lú ìlà pupa tó fẹ̀ láàárín àti ìlà aláwọ̀ ọsàn kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ríbọ́ọ̀nù máa ń gbó, ọmọ ilé a sì máa fi ti ọ̀kan so òmíràn. Ọ̀rọ̀ tó wà lára irin ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kà.

Orúkọ tó wà lára irin náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà bí kò bá ṣe ìwádìí. Ẹni tó bá rí ìràwọ̀ tí a kọ Africa sí lè rò pé gbogbo sójà tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà ni wọ́n fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ogun ní Àríwá Áfíríkà, ní Etiópíà, ní Sòmálíà àti ní Eritrea ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹni tó lo gbogbo àkókò ogun ní bárékè ní Ìbàdàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìràwọ̀ náà nínú àpótí ìdílé Yorùbá lè jẹ́ ẹ̀rí pé bàbá náà wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó wọ Mogadishu ní oṣù kejì ọdún 1941, tí wọ́n sì tẹ̀ síwájú wọ Etiópíà láti lé àwọn ará Ítálì. Bákan náà, mẹ́dà róbótó tí kìnnìún wà lẹ́yìn rẹ̀, tó tẹ ẹranko olórí méjì mọ́lẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó ni ín dé Bọ́mà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ sójà fún ọjọ́ 28 péré nígbà ogun náà ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìdílé tó bá ní èyí nìkan, tí wọ́n sì ń sọ pé bàbá àwọn jà ní Bọ́mà, nílò ẹ̀rí mìíràn.

Ẹ̀rí mìíràn náà lè jẹ́ àjákù aṣọ. Ó ju 80,000 sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ tí wọ́n kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, ìyẹn orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Myanmar lónìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì ni wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn ní 1943. Àmì èjìká ẹgbẹ́ kọkànlélọ́gọ́rin jẹ́ aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ òféfèé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí i lè pè é ní àmì oògùn. Anansi ni, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn Akan ní Gánà, ẹni tí ipò rẹ̀ nínú àlọ́ wọn dà bí ti Ìjàpá nínú àlọ́ Yorùbá. Àmì ẹgbẹ́ kejìlélọ́gọ́rin ni ọ̀kọ̀ méjì tó kọjá lára wọn, pẹ̀lú ohun tí àwọn aláàárù ń fi sórí láti gbẹ́rù. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi èyí ṣe. Nínú igbó àti òkè Bọ́mà tí mọ́tò kò lè gbà, orí ènìyàn ni ọ̀nà ìkẹ́rù. Ẹgbẹ́ kọkànlélọ́gọ́rin la àfonífojì odò Kaladan kọjá ní 1944 pẹ̀lú oúnjẹ àti ọta ìbọn tí ọkọ̀ òfuurufú ń jù sílẹ̀ fún wọn, àwọn aláàárù inú ẹgbẹ́ náà a sì rù ú. Àjákù aṣọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ló ń sọ gbogbo ìyẹn fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nǹkan wà tí irin kì í sọ nítorí pé ẹni tó rọ ọ́ kò fẹ́ sọ ọ́. Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni mẹ́dà kan tó ṣáájú ogun Hítílà, tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń yẹ àwọn ọmọ ogun wọn sí fún àwọn ìjà kéékèèké ní Áfíríkà. Lórí ríbọ́ọ̀nù àwọn kan nínú rẹ̀, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n kọ NIGERIA 1918 sí. Ẹni tó bá ka èyí yóò rò pé Nàìjíríà ni wọ́n gbèjà lọ́wọ́ ọ̀tá òkèèrè. Ìjà tí wọ́n bá àwọn Ẹ̀gbá jà ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún náà ni, lẹ́yìn tí òmìnira Ẹ̀gbá ti bọ́ ní 1914, tí owó orí tuntun àti iṣẹ́ àfipáṣe sì ti sú àwọn ènìyàn. Ogun Àdùbí ni àwọn Ẹ̀gbá ń pè é títí di òní. Àkọsílẹ̀ tó bá kọ ohun tó wà lára irin nìkan ti gba ẹnu ẹni tó ṣẹ́gun sọ̀rọ̀. Àkọsílẹ̀ tó bá sì kọ Ogun Àdùbí nìkan, tó fi ọ̀rọ̀ ara irin sílẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè dá mẹ́dà náà mọ̀. Méjèèjì ni kí a kọ, kí a sì fi hàn pé ibi méjì ni wọ́n ti wá.

Òfin tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ohun tí ojú rí kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ohun tí etí gbọ́. Olùkọ́ lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ la ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀nà kìíní, kí ó kọ ìrísí: àwọ̀, ìwọ̀n, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́, kódà bí wọ́n bá ṣì í kọ. Ní ọ̀nà kejì, kí ó kọ ìtàn tí wọ́n sọ, orúkọ ẹni tó sọ ọ́, bí ó ṣe bá ẹni tó ni ohun náà tan, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ní ọ̀nà kẹta, kí ó kọ èrò tirẹ̀, pẹ̀lú ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀. Bí ọmọbìnrin sójà náà bá ní orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ nígbà tó bá ń nu mẹ́dà náà, ọ̀nà kejì ni orin náà wà. Kò sí ọ̀mọ̀wé òkèèrè kankan tó lè kọ ìlà yẹn.

Ìmọ́tótó ọwọ́ náà ṣe kókó. Ẹni tó bá fi yanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ mẹ́dà kí ó lè dán ti bó ohun tí ọjọ́ orí kọ sí i lára. Ẹni tó bá yọ ríbọ́ọ̀nù àtijọ́ sọnù ti ju ìdajì ẹ̀rí náà nù. Fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, páálí kékeré tí a fi okùn so, tí a fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí, ti tó. Bí ìbọn, ọta tàbí ohunkóhun tó lè bú gbàmù bá sì jáde nínú àpótí náà, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti parí níbẹ̀. Ọlọ́pàá ni kí àgbàlagbà ilé pè.

Àwọn kan yóò ní ẹrù ẹrú ni gbogbo èyí, pé ogun aláwọ̀ funfun ni àwọn bàbá wọ̀nyẹn lọ jà, kí ni Yorùbá fẹ́ fi àmì ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ju mẹ́dà nù kò pa ọba Gẹ̀ẹ́sì lára rárá. Sójà ọmọ Yorùbá ni ó pa rẹ́. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ sójà ní 1942. Àwọn ará Japan yìnbọn mọ́ ọn ní àfonífojì Kaladan ní 1944, ìdílé Mùsùlùmí kan ní abúlé sì fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án títí àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ fi padà dé. Ó kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Nítorí pé ó kọ ọ́, ayé mọ̀ ọ́n kí ó tó kú ní 2012. Bàbá Bíyí Bándélé náà jà ní Bọ́mà. Ìtàn rẹ̀ wà lára ohun tó bí ìwé ìtàn àròsọ Burma Boy tí ọmọ náà kọ ní 2007. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé méjèèjì. Bí àwọn méjì wọ̀nyí ṣe rí ẹni kọ ìtàn wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò rí. Èdè tí wọ́n sì fi sọ ti wọn fún ọmọ wọn lálẹ́ ni Yorùbá.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ irin ju olùkọ́ lọ, òótọ́ ni. Kò mọ ẹni tó ni ín. Kò sì lè wọ gbogbo ilé tó wà ní Ìkìrun, ní Ìṣẹ́yìn àti ní Òǹdó. Akẹ́kọ̀ọ́ ti wà nínú ilé náà tẹ́lẹ̀. Bàbá àgbà rẹ̀ ló ni àpótí.

Ohun tí àìkọ-orúkọ máa ń dà kò fara sin mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn orílẹ̀-èdè tó bá wọn jà jẹ́wọ́ nínú ìròyìn kan pé, lára àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò fi orúkọ rántí, tàbí tí wọn kò rántí rárá. Àjọ náà tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àforíjì kò lè dá orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ padà. Àwọn tó kù nínú àpótí ilé ṣì ní ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ìwé kan, pẹ́ńsù kan àti ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà ilé ni gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè.