Ìjọba Kọ́ Wọn, Ìjọba Pa Wọ́n Tì

Ẹ̀yin tí ẹ ó dá ẹjọ́ yìí, olùjẹ́jọ́ ni ìjọba, ti Èkó àti ti àpapọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ ìlera ìlú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Yábàá, wọ́n sì ń ṣèlú bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ rí.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n fi ogún ṣòfò. Láàrin àwọn ọdún 1920, nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa ará Èkó, Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé ń kọ́ wolé-wolé ní Yábàá, ó sì rí i pé wọ́n ń wọ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ní 1984, àwọn ológun gbé òwúrọ̀ Sátidé kan lóṣù kalẹ̀ fún ìmọ́tótó: ìsémọ́lé, ọlọ́pàá lójú títì, ẹrẹ̀ gọ́tà tí òjò ń gbá padà. Ní 2016, Èkó jáwọ́ nínú ìsémọ́lé náà. Ariwo ni wọ́n fi rọ́pò ìmọ̀.

Ẹ̀sùn kejì ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní 1990, kẹ́míkà kan, diethylene glycol, wọnú oògùn olómi àwọn ọmọdé, ó sì pa wọ́n ní Ìbàdàn àti Jos. Ní 2008, kẹ́míkà yìí kan náà tún dé, nínú oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Ọwọ́ oníṣòwò tí kò ní ìwé àṣẹ, níbí ní Èkó, ni àwọn tó ṣe oògùn náà ti ra kẹ́míkà ọ̀hún. Àwọn ọmọ ò lè tọ̀ mọ́. Kíndìnrín ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó kú ju 80 lọ. Ní 2013, ilé ẹjọ́ rán òṣìṣẹ́ 2 nílé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà lẹ́wọ̀n ọdún 7. Ta ló ṣẹ̀wọ̀n ọdún 18 tó wà láàrin ikú àkọ́kọ́ àti ìkejì? Wọ́n mọ májèlé náà lórúkọ, wọn ò ṣọ́ ọjà.

Ẹ̀sùn kẹta ò gùn. Kọ́lẹ́rà, Èkó, oṣù kẹfà 2024. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé mọ̀ pé omi àti ìgbẹ́ ò gbọdọ̀ pàdé. Ìgbà tí òkú sùn tán ni wọ́n ń wá àwọn tó ń ta ohun mímu òfíò kiri.

Ẹ̀sùn kẹrin: ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Abuja, wọ́n ṣèlérí ìdá 15 nínú 100 ìṣúná fún ìlera. Nàìjíríà ló gbàlejò. Kò san án lọ́dún kankan. Ẹ wo ohun tó ná wa: ní Ìlúpéjú, níbi tí ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé ti jọ pín ògiri, ẹni tó kàwé jáde ní Yábàá tí kò ríṣẹ́ ìjọba lè dúró ti omi tó ń ṣàn jáde lábẹ́ géètì ilé iṣẹ́, kó mọ ohun tó yẹ kó bèèrè. Kò láṣẹ àtibèèrè. Ẹ̀ṣọ́ ni yóò ní kó kúrò níbẹ̀.