Nọ́ọ̀sì Tó Ń Kọ́ni Kò Lọ Sinmi

Ibi òkú àgbà kan ni mo wà ní Ring Road n’Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé tí ọ̀gbẹ́ni kan tá a jọ jókòó sídìí tábìlì fi sọ ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù, àmọ́ ní báyìí, “ó ti lọ sinmi ní tiẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ.” Àwọn yòókù ní ó kúkú ṣe é re. Ó lọ sinmi kẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ ìjà tó wà láàárín èmi àtàwọn tó gbà pé ẹni tí kò ríṣẹ́ ló ń ṣe tíṣà. Àṣé ìjà náà ò tíì tán.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ gbà sọ ọ́ lónìí: ti ìtàn, ti owó oṣù, àti ti àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kẹ́ẹ̀gífà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà àti aláìsàn, káàkiri Challenge àti Agbowó.

Ká ti orí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1952 ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH, ìyẹn University College Hospital, bẹ̀rẹ̀. Ó di ọdún 1957 kí wọ́n tó ṣí ilé-ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ní Oríta Mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé bí ẹ kọ́ ilé alájà, tẹ́ ẹ to bẹ́ẹ̀dì kún inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ àwọn tó máa dúró ti bẹ́ẹ̀dì náà, ilé lásán lẹ kọ́. Tíṣà ló ṣáájú.

Ẹ wo Kòfowórọlá Abẹ́ní Pratt. Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ kọ́, ní United Missionary College nílùú Ìbàdàn níbí, ó sì kọ́ni ní CMS Girls’ School l’Ékòó kó tó di pé ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1946. Ọdún 1954 ló padà wálé, ó bọ́ sí UCH, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ́dún 1965, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ta ló máa wo obìnrin yìí lójú kó ní ó lọ sinmi?

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló kàn. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé àwọn ń gbé iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àtàwọn elétò ìlera yòókù ń gbà lọ́dún kan kúrò ní 28,000 lọ sí 64,000. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́ wọn? Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ di tútọ̀ gbọ́dọ̀ padà sílé ìwé, kó gba ìwé ẹ̀rí míì lé èyí tó ti ní, kí Nursing Council tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìkọ́ni. Ìwé ẹ̀rí kan náà tó fi ń wá iṣẹ́ tútọ̀ lè gbé e dé Birmingham. Owó tó yẹ ká san kó lè dúró... ẹ jẹ́ kí n fi owó sílẹ̀ ná, nítorí ti kẹ́ẹ̀gífà ń jó mi lára.

Oṣù kejì ọdún 2022 ni Bìrìtìkó ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn òṣìṣẹ́ kẹ́ẹ̀gífà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ má kó ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n tilẹ̀kùn pátápátá mọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Síbẹ̀, ìwé ìpolówó ṣì wà lára ògiri: ẹ wá kọ́ṣẹ́ kẹ́ẹ̀gífà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo wọ ọ̀kan nínú àwọn yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn dúró níwájú, ó ń ka bí a ṣe ń yí ẹni tí kò lè dìde padà láti inú fóònù rẹ̀, àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti yí èèyàn padà rí. Ó ní òun kọ́ bísínẹ́ẹ̀sì.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Bódìjà. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi, a gba ọmọbìnrin kan tó ní sàtífíkéètì irú ibẹ̀ yẹn. Ọmọ dáadáa ni, ó ń ṣàánú. Àmọ́ bí ìyá mi ṣe nà gbalaja ló ṣe ń fún wọn ní ògì, Màámi á sì máa húkọ́. Tútọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá a lẹ́nu rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ náà dùbúlẹ̀.” Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, tútọ̀ náà bu ṣíbí omi kan sí i lẹ́nu, ó ní kó gbé e mì. Ojú ọmọ náà yí padà. “Kí lo rí?” Ó ní ó fẹ́ há òun lọ́fun. Ìgbà náà ni wọ́n jọ gbé Màámi jókòó, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀gbẹ́ tó kú, wọ́n tẹ àgbọ̀n wọn wálẹ̀ díẹ̀, ṣíbí gba ẹ̀gbẹ́ tó lágbára wọlé, wọ́n sì dúró títí wọ́n fi rí i pé ọ̀fun gbé e kó tó kan ṣíbí míì. Lẹ́yìn náà ni tútọ̀ náà yí Màámi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ ọmọ náà kan gìgísẹ̀ àti bèbè ìdí, ibi tí egbò ìdùbúlẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó ní wákàtí méjì-méjì ni kó máa yí wọn.

Ọmọ yẹn ti tọ́jú àgbàlagbà méjì míì láti ìgbà náà. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn. Ó ń gbé wọn jókòó kó tó fún wọn lóúnjẹ.

UCH ti ní ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n fi sọrí Olóyè Tony Anenih láti ọdún 2012. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà ní tòsí, púpọ̀ nínú wọn sì ti fẹ̀yìn tì, wọ́n wà nílé. Ilé-iṣẹ́ ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ò nílò ìgbìmọ̀ kankan kó tó mọ ibi tí àwọn yàrá ìkọ́ṣẹ́ kẹ́ẹ̀gífà wọ̀nyí wà. Nọ́ńbà fóònù wọn wà lára ògiri. Kí wọ́n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ní kí ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀ mú láísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde. Èyí tí kò bá ní, kí wọ́n tì í pa.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn tútọ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.