Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Ẹni Tó Parí Àdéhùn Kò Sá Lọ

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lásán létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni. Nígbà tí ìdílé kan bá ti ń jókòó wo eré orí tẹlifíṣàn fún ọdún pípẹ́, àwọn òṣèré inú rẹ̀ a di ará ilé. Bí ó bá wá di ọjọ́ kan tí a kò rí olú ẹ̀dá-ìtàn mọ́, ẹnu a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: "Wọ́n ti lé e ni." "Owó ló dá ìjà sílẹ̀." "Òkìkí ti ń gùn ún." Àwọn àgbà tó wo The Village Headmaster, eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní 1968, yóò rántí pé Ted Mukoro ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, kí Femi Robinson tó gba ipò náà, kí Justus Esiri tó wá dé. Ipò kan ṣoṣo, ènìyàn mẹ́ta. Ìgbà tí ojú bá yí padà báyìí ni àròsọ máa ń pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀kan wò tí ìdí rẹ̀ hàn gbangba. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀. Eré náà ń jẹ́ The Waltons, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS ló sì ń gbé e jáde láti 1972 títí di 1981. Ó dá lórí ìdílé kan tó ń la pákó tà ní agbègbè olókè ní ìpínlẹ̀ Virginia, láti àwọn ọdún 1930 tí ọ̀dá owó mú gbogbo ilẹ̀ náà. Baba àgbà, ìyá àgbà, baba, ìyá àti ọmọ méje ló ń gbé lábẹ́ òrùlé kan. Ẹlẹ́sìn Kirisitẹni ni wọ́n nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n bíbọ̀wọ̀ fún òbí, jíjẹun pọ̀ àti fífi ara da àìní kò ṣàjèjì sí ilé Mùsùlùmí. Bí eré bá fẹ́ parí, tí iná bá ti kú, wọn a máa pe orúkọ ara wọn láti yàrá dé yàrá, wọn a sì kí ara wọn pé ó dàárọ̀.

Àrẹ̀mọ ilé náà, John-Boy, ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ di òǹkọ̀wé ni. Richard Thomas, tí wọ́n bí ní 1951, ló ṣe é, ó sì ṣe é dójú àmì tó fi gba ẹ̀bùn Emmy ní 1973. Ṣùgbọ́n ní 1977 ó kúrò. Kí ló dé? Kò sí ẹni tó lé e. Àdéhùn ọdún márùn-ún ló tọwọ́ bọ̀, ọdún márùn-ún náà sì pé. Orí ìtàgé ní Broadway ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó sì ń fẹ́ padà síbẹ̀, kí ó tún máa ṣe ẹ̀dá-ìtàn mìíràn. Kò fẹ́ jẹ́ John-Boy títí ọjọ́ alẹ́. Ìtàn náà pàápàá ti dé ibi tó yẹ kí ọmọ kúrò nílé. Nítorí náà ni àwọn tó ń kọ ọ́ ṣe jẹ́ kí John-Boy rí ìwé rẹ̀ tẹ̀ jáde, tó sì gba New York lọ.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan. Láàárín nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, ènìyàn mẹ́ta ni eré náà pàdánù. Ní oṣù kọkànlá 1976, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Ellen Corby tó ń ṣe ìyá àgbà, ó sì ba ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ jẹ́. Oṣù kẹta 1978 ni wọ́n tó tún rí i nínú eré. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, Will Geer tó ń ṣe baba àgbà jáde láyé. Láàárín àwọn méjèèjì ni Thomas lọ. Àwa ènìyàn a máa bá aláìsàn kẹ́dùn, a kì í sì í bi òkú pé èéṣe tó fi lọ. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, tí ara rẹ̀ le, nìkan ni a máa ń gbé lọ sí kóòtù ẹnu.

Ǹjẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa? Ọmọ kan kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ títí ọdún rẹ̀ fi pé, ó gba fíríìdọ́ọ̀mù, ó ní òun fẹ́ dá dúró. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti pè é ní aláìmoore. Àrẹ̀mọ fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ìyá ní ìyàwó ló gbà á lọ́wọ́ òun. Ìyá kan ṣe olórí ẹgbẹ́ àsàlátù títí sáà rẹ̀ fi tán, ó ní kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀. Àwọn kan ní ó dájú pé wọ́n ti jà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Nínú Súrátúl-Kọsọsi, a kà nípa Ànábì Mùsá, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bó ṣe bá àgbà kan ṣe àdéhùn ní Mádíyánì: ọdún mẹ́jọ ni yóò fi sìn ín, bó bá sì ṣe é pé mẹ́wàá, inú rere tirẹ̀ ni. Nígbà tí ó parí àsìkò náà, ó kó ìdílé rẹ̀, ó sì lọ. A kò kà á níbẹ̀ pé àgbà náà bú u, a kò sì kà á pé Mùsá fi ìjà kúrò. Súrátúl-Máídà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ. Orí méjì ni àdéhùn sì ní: ẹni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ já a kí ọjọ́ tó pé, ẹni tó gbà á kò sì gbọdọ̀ de ènìyàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ bá pé. Ní ti àròsọ, aáyà kejìlá Súrátúl-Hújúráátì kìlọ̀ fún wa lórí èrò burúkú, títọpinpin àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń lọ pẹ̀lú. Lílọ a máa fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹni tó kù. Ní 1979, wọ́n fi Robert Wightman sí ipò John-Boy, eré náà sì parí ní 1981. Nítorí náà, tètè sọ fún wọn, parí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, má sì ba ilé tí o ti jáde jẹ́. Thomas parí ọdún márùn-ún rẹ̀. Ó ṣì yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n tún pe ìdílé náà jọ fún fíìmù ní 1993, 1995 àti 1997, ó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìtàn náà ṣe ní 2021, ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀wọ̀ jáde, ilẹ̀kùn kì í tì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin òbí, ó ku ẹyọ kan. Earl Hamner, tó dá eré náà sílẹ̀, ilé baba rẹ̀ ní ìlú Schuyler ní Virginia ló fi ṣe àwòkọ. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́jọ, ó sì kúrò nílé lọ di òǹkọ̀wé. Ohùn rẹ̀ gan-an ni òǹwòran ń gbọ́ tó ń sọ ìtàn ilé náà. Ọmọ tó lọ ni ó jẹ́ kí ayé mọ ilé tó ti wá.

Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá parí àdéhùn, tó sì fẹ́ lọ, sú u ní ìre. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí iná bá kú, tí kò sí nínú yàrá rẹ̀ mọ́, ṣì máa pe orúkọ rẹ̀ nínú àdúà. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn tó lọ àti àwọn tó kù, kí Ó sì fi ọ̀rọ̀ rere sí wa lẹ́nu. Àmín.