Ẹ̀jẹ̀ Kì í Parọ́, Ẹnu Ni Í Dákẹ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá kan ẹbí ẹni kì í yá lẹ́nu. Lónìí, mo ti rí ibi tí n ó gbà wọ̀ ọ́.

Ní ọdún kan tí mo fi kọ́ni ní èdè Yorùbá ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, bí ọwọ́ mi bá ti dilẹ̀, ìwé tí wọ́n to gbogbo ẹ̀kọ́ yunifásítì náà sí ni mo máa ń ṣí. Ètò a-bí-dí ni wọ́n fi tò ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ojú ewé díẹ̀ ló wà láàárín ẹ̀kọ́ àyẹ̀wò ìṣègùn àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ológun. Lábẹ́ èkínní, mo rí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀, nípa kòkòrò àìfojúrí, nípa ìtọ̀ àti omi ara, nípa fífa ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn lára. Lábẹ́ èkejì, mo rí kíka àwòrán ilẹ̀, gbígbèrò ogun, fífún ọmọ ẹ̀yìn láṣẹ, àti, ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí a ti ń ṣe aṣáájú. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní, kí ló kan ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kan ọmọ ogun lórí pápá?

Kíláàsì mi ló dá mi lóhùn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò, ọmọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ń gba ẹ̀kọ́ ológun. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n bí wọn sí. Ní ọjọ́ kan, mo ní kí oníkálukú sọ ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin náà ní: ‘A wo ẹ̀jẹ̀. Kò dára. A dúró. A tún un wò.’ Ọmọkùnrin náà ní: ‘A ṣe ogun eré. Mo ṣì wọ́n lọ́nà. Gbogbo wa jókòó, wọ́n sọ ohun tí mo ṣe tí kò dára.’ Mo bi í pé, ‘Àwọn tí o jẹ́ ọ̀gá fún náà sọ̀rọ̀?’ Ó ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn náà sọ̀rọ̀.’

Gbólóhùn wọn kúrú bí ìrìn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní kí tọkọtaya náà lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, bí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ṣe nílẹ̀ wa. Ilé àyẹ̀wò kan tí n kò ní dárúkọ ni wọ́n lọ. Èsì ọkọ ni AS, ti àbúrò mi ni AA. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹnìkan bá jẹ́ AA, kò sí bí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe jẹ́ SS. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, a jó, a yọ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Ọmọ kejì kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tó sì ń ké tọ̀sán-tòru. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: SS ni. Àbúrò mi sáré lọ tún tirẹ̀ ṣe ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. AS ni ibi méjèèjì wí.

Àrùn ọmọ náà nìkan kọ́ ni ìyà tó jẹ wá. Àwọn ẹbí ọkọ ní àbúrò mi mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ó fi pamọ́ kí ó lè rí ọkọ fẹ́ ni. Ìwé èsì tó gbé jáde kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní owó ni wọ́n fi ra irú ìwé bẹ́ẹ̀. Odidi ọdún mẹ́rin ni ó fi gbé orúkọ òpùrọ́ kiri nínú ilé ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ọ̀hún, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò náà nígbà tí a ń wí yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Kí ohun tó sọ lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n nínú ara alárùn yìí kì í rìn bíi ti ẹlòmíràn bí a bá fi iná mànàmáná fà á. Títí di òní, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò wa ń lò: wọn a kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti tú sórí pébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọn a tan iná sí i, A a sáré síwájú, S a tẹ̀ lé e lẹ́yìn, C a kẹ́yìn. Ẹni tó jẹ́ AS, ìlà méjì ni yóò ní. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba èsì ẹnikẹ́ni gbọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn tó wá ṣe àyẹ̀wò. Bí ẹ̀jẹ̀ amọ̀nà yìí bá ṣe bó ti yẹ, iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú. Bí kò bá ṣe bó ti yẹ, gbogbo èsì ọjọ́ náà di asán, àfi kí wọ́n tún un ṣe. ‘Kò dára. A dúró. A tún un wò.’

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní lọ́jọ́ náà, ìlà ẹ̀jẹ̀ amọ̀nà kò yà síra. Òun rí i. Ọ̀gá wọn ní èrò ti pọ̀ jù níta, kí wọ́n kọ èsì fún wọn kí wọ́n máa lọ. Òun ni ó kéré jù níbẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní, ‘Mo rò pé ẹnu mi kò tó o, sà.’

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yìí kì í ṣe òpè. Ọdún márùn-ún ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ìṣègùn ní yunifásítì ní Nàìjíríà, òfin tó gbé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà kalẹ̀ sì wà láti 2003. Ó kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀, ó kọ́ nípa kòkòrò, ó kọ́ nípa kẹ́mísírì, ó sì yege. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ni bí ọmọdé ti ń sọ fún àgbà pé, ‘Ẹ dákun, sà, ẹ jẹ́ kí a dúró.’

Èyí ni ohun tí mo bá nínú ẹ̀kọ́ ológun ìlú òyìnbó tí mo fi rẹ́rìn-ín. Láti 1862 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí àwọn yunifásítì tí ìjọba fi ilẹ̀ ràn lọ́wọ́ máa kọ́ni ní ìmọ̀ ogun pẹ̀lú iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1916 ni wọ́n sì fi òfin sọ ọ́ di ètò tó wà títí di òní. Ọdún mẹ́rin ni. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ti ọdún méjì àkọ́kọ́ láìwọ iṣẹ́ ológun, bí kò bá ti gba owó ìrànwọ́ wọn. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ náà yóò di ọ̀gá kékeré nínú ọmọ ogun. Lẹ́yìn ogun Vietnam ni àṣà kan gbilẹ̀ láàárín wọn: bí wọ́n bá ti parí ìdánrawò, wọn a jókòó, wọn a bi ara wọn ní ìbéèrè mẹ́rin. Kí ni a pinnu láti ṣe? Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Èé ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀? Kí ni a ó ṣe lọ́jọ́ mìíràn? Kékeré ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá ń gbọ́. Kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ni wọ́n ṣe jókòó, bí kò ṣe kí àṣìṣe òní má baà di òkú lọ́la.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, ‘Ológun kẹ̀? Ṣé àwọn tó gba ìjọba lọ́wọ́ wa ní 1966 àti 1983 ni yóò kọ́ wa bí a ti ń ṣe aṣáájú?’ Ọ̀rọ̀ yín kò ṣí. Àṣẹ láìsí àlàyé ni a rí lọ́wọ́ wọn, àrùn yẹn gan-an ló sì wọ ilé ìwòsàn, ilé àyẹ̀wò àti yunifásítì wa, tí ọ̀gá kò fi fẹ́ gbọ́ ìbéèrè mọ́. N kò ní kí a kó bàtà sójà wọ yàrá àyẹ̀wò. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a mú ìbéèrè mẹ́rin yẹn, kí a fi bàtà sílẹ̀ níta.

Àwọn mìíràn yóò ní kò bá àṣà wa mu kí ọmọdé máa ko àgbà lójú. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn tiwa. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, sọ pé bí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò bá lọ sógun, oṣù mẹ́ta ló ní. Yálà kí ó ṣẹ́gun, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Ta ni yóò sọ òtítọ́ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ọ̀rọ̀ Aláàfin Aólẹ̀ àti Afọ̀njá dé orí Ìwéré, kò sí ọ̀nà tí ológun lè gbà sọ pé, ‘Kábíyèsí, àṣẹ yìí kò dára.’ Ìdákẹ́ wà, ọ̀tẹ̀ sì wà. Kò sí ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n yan ọ̀tẹ̀, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Ṣùgbọ́n a ní èyí tó dára náà. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde, òkorin a máa fi orin bá ẹni tó ṣẹ̀ wí ní gbangba, ìbáà jẹ́ olóyè, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. A sì ń pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwa onímọ̀ èdè fẹ́ràn òwe yìí, nítorí pé ó kọ́ni ní bí a ti ń fi ọgbọ́n sọ ọ̀rọ̀ líle. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tó gbẹ̀yìn rẹ̀: kí a fi tọmọ *jẹ́* ẹ. Òwe náà kò sọ pé kí a má jẹ́ iṣẹ́ náà rárá. Ọ̀wọ̀ wà nínú bí a ṣe sọ ọ́. Kò sí ọ̀wọ̀ kankan nínú kí a gbé e mì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan iṣẹ́ tèmi nìyí. Èsì àyẹ̀wò kò tíì parí títí yóò fi yé ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ní èsì rẹ̀ jẹ́ ‘pọ́sítíìfù’, tó sì gbé ọwọ́ sókè tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí pé ohun rere ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ ìwàásù. Yorùbá kò ní irú ìdàrúdàpọ̀ yẹn: ‘Wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ yín,’ tàbí ‘Wọn kò rí i.’ Ó tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn tó ń ṣe ọmọ àbúrò mi. Àwọn ènìyàn wa ti sọ ọ́ ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tó fi òní kú tó sì fi ọ̀la dìde. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóru mọ̀ pé kò sí ìwé ìṣègùn tó ṣàpèjúwe rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, orúkọ náà lè dẹ́rù ba òbí, nítorí náà ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìgbà tó yẹ láti lò ó àti ìgbà tí kò yẹ.

Èyí ni mo fi ń dábàá ohun mẹ́ta. Èkínní, kí gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àyẹ̀wò ìṣègùn ní àwọn yunifásítì wa fi ẹ̀kọ́ aṣáájú ṣíṣe kún iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì lórí bí ó ṣe dá iṣẹ́ dúró níwájú ọ̀gá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ amọ̀nà bá yàgò. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Yorùbá fi ẹnu rẹ̀ ṣàlàyé èsì ní èdè Yorùbá kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀kẹta, kí àwa onímọ̀ èdè dìde lórí àga. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. N kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan lo ọ̀kan nínú wọn ní ilé àyẹ̀wò. Ẹ̀bi náà jẹ́ tèmi, nítorí pé n kò lọ síbẹ̀ rí láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ bá àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀. Iwájú àwọn àgbà ẹbí ni ó ti sọ ohun tó sọ fún mi, ó sì dọ̀bálẹ̀. Àbúrò mi kò bínú bí mo ti rò. Ó kàn wojú mi, ó ní, ‘Bùọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti sọ rèé.’

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, bí ó bá kàn yín lọ́la, ẹ fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ẹ.

Ire o.